Ewé Awólọ́wọ̀ àbí ewé Akíntọ́lá? Bí wọ́n ṣe ń so àkọsílẹ̀ ewé àti ẹranko pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, tí ẹ bá ti dé oko tí wọ́n pa tì fún bí ọdún kan sí méjì rí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó ti rí ewéko kan tó máa ń gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Ó máa ń ga ju èèyàn lọ. Òórùn rẹ̀ máa ń le tí èèyàn bá ra ewé rẹ̀ lọ́wọ́. Àsìkò ọyẹ́ ló máa ń tanná wẹ́wẹ́, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé èso rẹ̀ kiri bí òwú. Tí àdá bá ṣèèṣì gé àgbẹ̀ lọ́wọ́, ewé yìí náà ni ọ̀pọ̀ máa ń já, tí wọ́n á fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

Kí lẹ ń pè é ládùúgbò yín? Àwọn kan á ní ewé Awólọ́wọ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní rárá o, ewé Akíntọ́lá ni. Ẹni tó bá mọ ìtàn òṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 1962 á mọ̀ pé orúkọ méjèèjì yìí kì í jókòó pọ̀ lórí ìjókòó kan. Àmọ́ lórí ewé yìí, àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Ká má tíì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá kò fi orúkọ kan mọ́ sórí ewé yìí. Lọ́dún 1759, Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, pè é ní Eupatorium odoratum. Lọ́dún 1970, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, King àti Robinson, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n ní kò yẹ kó wà nínú ìdílé tí Linnaeus fi í sí. Wọ́n gbé e lọ sí ìdílé mìíràn, ó wá di Chromolaena odorata. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè lẹ́nu lásán tún yàtọ̀: Siam weed.

Ewé kan, orúkọ márùn-ún. Níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Kí ló kàn wá nínú orúkọ ewé?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti ṣẹ̀ wá, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1940, ó ti dé Nàìjíríà, ó sì tàn kálẹ̀ débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà rò pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àjọ IUCN, tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá kárí ayé, ti fi í sínú ìwé 100 àwọn ẹ̀dá àjèjì tó ń ba ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ́ jù lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta fẹ́ mọ ọ̀nà tí ewé yìí gbà wọlé, ìlú tó kọ́kọ́ dé, àti bó ṣe ń yára rìn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ Chromolaena odorata, ó dúró. Tí kọ̀ǹpútà náà kò bá mọ̀ pé Eupatorium odoratum ti àtijọ́ àti Chromolaena ti òde òní, ọ̀kan náà ni wọ́n, àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ lẹ́yìn ọdún 1970 nìkan ni yóò fi hàn án. Gbogbo ewé tí àwọn èèyàn já, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n kọ orúkọ sí ní 1945, ní 1950, ní 1962, yóò sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ àtijọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé lẹ́yìn 1970 ni ewé náà dé. Irọ́ ni yóò jẹ́, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ẹ rí i pé àkọsílẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn èyí tó sọ ọjọ́ tí àlejò wọlé, òun gan-an ni yóò sọnù. Ìdí rèé tí sísọ àkọsílẹ̀ pọ̀ kì í fi í ṣe iṣẹ́ àwọn tó kàn ń fẹ́ kí nǹkan tò lẹ́sẹẹsẹ.

Kí ni wọ́n ń pè ní àkọsílẹ̀?

Oríṣiríṣi ni. Ti àkọ́kọ́ ni ewé gbígbẹ. Ní Jericho, n'Ìbàdàn, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FRIN, ilé kan wà tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí. Àmì tí ayé fi mọ̀ ọ́n ni FHI. Wọ́n á lẹ ẹ̀ka igi mọ́ orí bébà líle, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, ẹni tó já a àti nọ́ńbà tí ẹni náà fún un. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Kew ní London, ó wà ní Paris, ó wà káàkiri.

Ìkejì ni fọ́tò. Láyé òde òní, ẹni tó bá ní fóònù lè ya ewé tàbí kòkòrò, kó gbé e sórí iNaturalist, àwọn ẹlòmíràn á wá bá a sọ orúkọ rẹ̀. Ìkẹta ni àbájáde àyẹ̀wò DNA, tí wọ́n ń kó sí GenBank ní Amẹ́ríkà. Ìkẹrin ni ìwé ìwádìí àti ìwé àtijọ́. Ìkarùn-ún ni ìwé pupa ti IUCN, tó ń sọ ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kó pa rẹ́ láyé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń pàdé ni GBIF. Ọdún 2001 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Copenhagen ní Denmark ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Kì í ṣe GBIF ló ni ewé tàbí ẹranko kankan. Ẹ fi í wé ọjà: kálukú ló ń gbé ẹrù tirẹ̀ wá láti ilé. Àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí ju bílíọ̀nù méjì lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè wò ó.

BVN ti ewé àti ẹranko

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kálukú wọn ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ewé kan náà ní nọ́ńbà kan ní GBIF, ó ní òmíràn ní iNaturalist, ó ní òmíràn ní GenBank, Kew náà fún un ní tirẹ̀. Ta ló máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn?

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣòro. Ẹni kan lè ní àkáǹtì ní báǹkì mẹ́ta. Báǹkì kọ̀ọ̀kan fún un ní nọ́ńbà 10 tó yàtọ̀. Ní ibì kan, wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú. Ní ibòmíràn, orúkọ ilé ọkọ ló wà níbẹ̀. Ohun tí Central Bank ṣe lọ́dún 2014 ni pé wọ́n gbé BVN jáde, nọ́ńbà 11 kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì náà mọ́ ẹni kan. Wọn kò pa àkáǹtì kankan rẹ́. Wọ́n kàn fi okùn kan so wọ́n pọ̀ ni.

Nínú ayé ewé àti ẹranko, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ni Wikidata. Ilé kan náà tó ni Wikipedia ló ni ín, ọdún 2012 ló sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ló ní nọ́ńbà tó fi lẹ́tà Q bẹ̀rẹ̀. Kìnnìún, fún àpẹẹrẹ, Q140 ni. Tí ẹ bá ṣí ojú ìwé Q140, ẹ ó rí nọ́ńbà kìnnìún ní GBIF, ẹ ó rí nọ́ńbà rẹ̀ ní iNaturalist, ẹ ó rí ti IUCN àti ti ọ̀pọ̀ àká àkọsílẹ̀ mìíràn, wọ́n tò sábẹ́ ara wọn. Ẹ ó tún rí orúkọ tí wọ́n ń pè é ní oríṣiríṣi èdè. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ lè gba ibẹ̀ dé ibi gbogbo.

Ní ti orúkọ, àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títo orúkọ. Catalogue of Life jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n á kọ ọ́ pé: orúkọ yìí ni a gbà báyìí, àwọn wọ̀nyí sì ni orúkọ àtijọ́ tó ń tọ́ka sí i. Irú ìwé orúkọ báyìí ni GBIF fi ń ṣiṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wá tẹ Chromolaena níbẹ̀, wọ́n á bá a kó àwọn tó ń jẹ́ Eupatorium odoratum náà jáde. Ọ̀rọ̀ ti yanjú, ọdún 1970 kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀ka igi kan tó wà ní ilé mẹ́ta

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àkọsílẹ̀ fi lè tan èèyàn jẹ. Ó jẹ́ àṣà àwọn tó ń já ewé fún ìwádìí pé tí wọ́n bá dé ìdí igi kan, wọ́n lè gé ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára igi kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á fi ọ̀kan sílẹ̀ n'Ìbàdàn, wọ́n á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Kew, wọ́n á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Paris. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí tí iná bá jó ilé kan, ti ilé kejì ṣì wà.

Àmọ́ nígbà tí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, igi kan ti di mẹ́ta. Ẹni tó ń kà á á rò pé igi náà pọ̀ níbẹ̀. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé onímọ̀ kan ní Paris ti tún orúkọ ti ọ̀dọ̀ wọn ṣe, tí ti Ìbàdàn sì wà lórí orúkọ àtijọ́ torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Kọ̀ǹpútà GBIF máa ń gbìyànjú láti mú irú wọn jáde. Ó máa ń wò ó bóyá orúkọ ẹni tó já ewé bára mu, bóyá nọ́ńbà tó fún un bára mu, ọjọ́ ńkọ́, ibi tí wọ́n ti já a ńkọ́. Tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá bára mu, á kó wọn sójú kan, á ní ó jọ pé ìbátan ni àwọn wọ̀nyí. Kì í pa ọ̀kankan rẹ́. Èèyàn ló máa wá wò ó.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè fi ọjọ́ wé ọjọ́, kálukú gbọ́dọ̀ máa kọ ọjọ́ sí ibi kan náà, lọ́nà kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìlànà kan lọ́dún 2009 tí wọ́n ń pè ní Darwin Core. Ẹ fi í wé fọ́ọ̀mù: àyè orúkọ rèé, àyè ọjọ́ rèé, àyè ibi tí a ti rí i rèé. Ẹni tó bá fi ọjọ́ sí àyè orúkọ ti da gbogbo rẹ̀ rú.

Tí wọ́n bá so ó ṣì ńkọ́?

Àwa tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò mọ èyí dáadáa. Olùgbọ́ kan lè pè wá láàárọ̀ kó ní Bàbá Ṣadé lòun, kó tún fi nọ́ńbà mìíràn pè lálẹ́ kó ní Alhaji lòun. Ẹni kan ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá Ṣadé méjì lè wà ní ìlú kan, tí wọn kò sì mọ ara wọn rí. Orúkọ nìkan kò tó.

Ẹ wo igi ọ̀pọ̀tọ́. Orúkọ ìdílé rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì ni Ficus. Àmọ́ ìgbín inú òkun kan wà tí orúkọ ìdílé tirẹ̀ náà ń jẹ́ Ficus. Kò sẹ́ni tó jalè orúkọ. Òfin tí wọ́n fi ń sọ ewé lórúkọ yàtọ̀ sí òfin tí wọ́n fi ń sọ ẹranko lórúkọ, kò sì sí òfin tó ní ẹranko kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tí ewé ń jẹ́. Kọ̀ǹpútà tó bá fi orúkọ nìkan so nǹkan pọ̀ á gbé igi lọ sínú òkun.

Ti òkun yìí tún wà lọ́nà mìíràn. Àwọn nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà láyé. Ti Ìbàdàn jẹ́ bíi 7.4 sí àríwá àti 3.9 sí ìlà oòrùn. Tí akọ̀wé bá ṣèèṣì gbé ti ìkejì ṣáájú, tó kọ 3.9 àti 7.4, igi tó wà ní Jericho ti bọ́ sínú omi ní gúúsù Bonny nìyẹn. Tí kò bá sì kọ nǹkan kan, tí kọ̀ǹpútà wá fi òdo àti òdo dí àyè náà, inú òkun ní gúúsù Gánà ni igi náà yóò bọ́ sí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni ti erin. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ka gbogbo erin Áfíríkà sí ẹ̀yà kan ṣoṣo, Loxodonta africana. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé méjì ni wọ́n: erin ilẹ̀ ọ̀dàn, tó pa orúkọ náà mọ́, àti erin inú igbó dúdú, tó ń jẹ́ Loxodonta cyclotis. Lọ́dún 2021, IUCN ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé pupa rẹ̀. Ó ní erin ọ̀dàn wà nínú ewu, àmọ́ erin igbó wà ní bèbè ìparun pátápátá. Erin igbó yìí ni irú èyí tó wà ní igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ wá wò ó. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó ní òun rí Loxodonta africana nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, ta ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Tí kọ̀ǹpútà bá kàn so ó mọ́ orúkọ tó bá a mu lónìí, ó ti gbé erin igbó fún erin ọ̀dàn. Iye erin igbó á dín kù lórí ìwé, ti ọ̀dàn á sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn erin náà kò kúrò lójú kan. Ibi tí wọ́n ti rí i, ìyẹn igbó, ló yẹ kí èèyàn fi mọ èwo ni. Nítorí náà, orúkọ méjì lè jẹ́ ẹ̀dá kan, orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ẹ̀dá méjì.

Orúkọ Yorùbá ńkọ́?

Àwa náà ní tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ewúro tí a ń fọ̀ jẹ, Vernonia amygdalina ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Kew ní Gymnanthemum amygdalinum ló ń jẹ́ báyìí. Ewúro odò sì wà tó jẹ́ ewé mìíràn pátápátá, Struchium sparganophora. Ẹni tó bá kọ «ewúro» nìkan sínú ìwé kò tíì sọ èwo. Tó bá jẹ́ oògùn lẹ fẹ́ fi ewé ṣe, ẹ má fi orúkọ nìkan rà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lójú.

Àwọn kan ti bá wa so orúkọ tiwa mọ́ ti sáyẹ́ǹsì tipẹ́. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fi Salvador ní Bahia ṣe ilé, gba ìmọ̀ ewé lọ́dọ̀ àwọn babaláwo ilẹ̀ Yorùbá, ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé sì jáde ní Brazil lọ́dún 1995. Ní Brazil lọ́hùn-ún, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ṣì ń pe akòko ní akòko, wọ́n ń pe obì ní obì. Àmọ́ orúkọ sáyẹ́ǹsì tó wà nínú ìwé àtijọ́ lè ti yí padà. Láti lò ó lónìí, a gbọ́dọ̀ so ó mọ́ èyí tó wà lórí ètò báyìí.

Kí lẹ̀yin olùgbọ́ lè ṣe?

Tí ẹ bá ya fọ́tò ewé tàbí ẹranko fún iNaturalist, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yà á wà níbẹ̀. Ẹ ya ewé, ẹ ya òdòdó, ẹ ya èèpo igi tó bá ṣeé ṣe. Tí ó kéré tán ẹni méjì bá sọ orúkọ kan náà, tí àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, tí ẹ̀yin náà bá ti fàyè gbà á, àkọsílẹ̀ yín lè dé GBIF. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ń júwe ẹran fún ọdẹ. Fún ẹranko tó wà nínú ewu, irú bí akika tí àwọn kan ń pè ní arika, ibẹ̀ máa ń fi ojú ibi tó wà gan-an pamọ́ fáwọn èèyàn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Yorùbá kọ dáadáa, ẹ lè fi orúkọ Yorùbá kún ti àwọn ẹ̀dá lórí Wikidata. Tí orúkọ bá ju ẹyọ kan lọ, àyè wà láti kọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá tẹ ewé Awólọ́wọ̀ á dé ibẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ewé Akíntọ́lá á dé ibẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa bá ẹnì kejì jà.

Tí àgbẹ̀ bá wá béèrè lọ́la pé ìgbà wo ni èpò yìí dé oko òun, ta ló gbé e wá, ibo ló tún ń lọ, ìdáhùn náà wà. Ó wà lórí bébà líle ní Jericho, ó wà ní London, ó wà nínú fóònù ọmọ rẹ̀. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ni kò gbọ́dọ̀ já.